Fataou Tó Ń Wọn Afẹ́fẹ́ Bassila

Bí ẹ bá dárúkọ Fataou ní Bassila, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀lé e, ẹnìkan yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn fìlà méèrì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé ìpamọ́ kajú tuntun ni. Wọ́n kan pèpéle sẹ́yìn ilé alájà Gafarou, oníṣòwò kajú, torí pé kò sí ilé tó ga tó o lágbègbè ọjà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ní ibòòji. Méèrì, olórí ìjọba ìbílẹ̀, wà lórí pèpéle, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ níbikíbi tó bá ti dánu dúró láti mí. Ní apá kejì ọjà, Fataou dá dúró sínú oòrùn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó gbójú sókè. Ẹyẹ aláṣọ rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún. Oparun ni egungun ẹyẹ yìí, aṣọ ni ìyẹ́ rẹ̀. Fataou sì ti so àwọn àjákù aṣọ pupa mọ́ okùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè máa rí ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ní ibi gíga kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ kọlu ilé Gafarou, ó fo òrùlé rẹ̀ kọjá, ó sì ṣubú sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Ẹyẹ bá a ṣubú. Ó já wálẹ̀ ṣòòròṣò, ó fi ìkángun oparun gbá fìlà orí méèrì, ó sì tún gbéra sókè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré lọ di okùn mú.

"Ẹ má fà á," Fataou ní, pẹ̀lú ohùn tó fi kọ́ni ní lékòlì títí ó fi fẹ̀yìn tì. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Méèrì fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. Ó ní, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe lórí mi?"

"Kì í ṣe orí yín, Ọ̀gá. Ilé Gafarou ni. Ẹ̀yin kàn dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń balẹ̀ sí ni."

Bó ti ń sọ èyí lọ́wọ́, fìlà jábọ́ lára ẹyẹ, ó yí lọ yí bọ̀, ó sì bọ́ sínú agbada Maïmouna tó ń din wàgàṣì, wàrà líle, lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Maïmouna fi ìgbákọ gbé e, ó jẹ́ kí epo rẹ̀ ro dáadáa bó ti máa ń ṣe fún wàgàṣì, lẹ́yìn náà ló tó nà án sí ẹ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà láàárín èrò tí kò wo fìlà rárá. Moutiatou, ìyàwó Fataou, ti gbé iṣu wá tà láti Manigri. Ìyẹ́ ẹyẹ ló ń wò. Aṣọ rẹ̀ olómi-ọsàn ni, èyí tó ró lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, tó sì ti ń wá káàkiri láti ìgbà ọyẹ́. Ó ti torí aṣọ yìí bá obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan yan odì. Obìnrin náà ló dúró tì í níbẹ̀. Moutiatou gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Rahimatou," ó ní, "jọ̀wọ́, foríjì mí."

Ọmọ Manigri ni Fataou, àgbẹ̀ oníṣu ni baba rẹ̀. Ó ka ìwé ní Bassila, ó kà á dé Cotonou, ó sì di olùkọ́ físíìkì. Cotonou yìí ni afẹ́fẹ́ ti gbà á lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ kan wá síbẹ̀ láti wọn ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ lókè ìlú. Wọ́n ń fi àpò rọ́bà funfun ńlá sókè láti orí òrùlé ilé gíga kan, ẹ̀rọ kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀. Wọ́n wá ẹni tó mọ ìṣirò tí òòyì kì í sì í kọ́ lójú ní ibi gíga. Fataou bá wọn ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà ìsinmi rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì padà sípò láti ọjọ́ náà.

"Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti oko iṣu, jẹ́jẹ́ ló ń rìn," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, yálà ẹ béèrè tàbí ẹ kò béèrè. "Kò sóhun tó dí i lọ́nà. Àmọ́ tó bá wọ ìlú, ó kọlu ògiri, ó kọlu àjà, páànù gbígbóná tì í sókè, títì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di àlejò tó wọ ọjà tí kò mọ̀nà. Ó ń kọsẹ̀, ó ń pòòyì, ó ń padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń kọsẹ̀ kò lè mọ ibi tí èéfín ìlú ń lọ, kò sì lè mọ páànù tó máa kọ́kọ́ ṣí."

Ohun tó sọ yìí, òótọ́ ni. Ti ilé gíga tó wà ní Cotonou ni kò dúró sójú kan lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ padà wálé, alájà mẹ́ta ni ilé náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ti di mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan tí àlejò wá láti Alédjo, ó ga débi pé àwọn tó wà lórí rẹ̀ ń rí ọkọ̀ ojú omi kó tó kúrò ní ìlú òyìnbó. Àlejò wo Moutiatou bóyá ó máa sọ nǹkan kan.

"Ẹ má dá a lóhùn," Moutiatou ní. "Wọ́n ṣì ń kọ́ ilé náà lọ́wọ́ ni."

Bó ti fẹ̀yìn tì tó padà sí Manigri, ó ní òun yóò wọn afẹ́fẹ́ Bassila. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sí ibi iṣẹ́ kankan tó bi í. Ó gé igbá kéékèèké sí méjì-méjì, ó kàn wọ́n mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, afẹ́fẹ́ sì ń gbá wọn yí. Ẹ̀rọ náà dára. Ohun tó kù ni ibi gíga tí yóò gbé e sí, ibi tó ga jù lọ ní Bassila sì ni orí ilé Gafarou.

Gafarou ti ka ìwé lábẹ́ rẹ̀ nígbà kan. Ó ti lówó báyìí, ó ti lọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n bó bá rí Fataou, ó ṣì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á sì máa pe olùkọ́ rẹ̀ ní Mẹ́tìrì.

"Mẹ́tìrì, kí ni nǹkan yìí máa ń mú?"

"Yóò mú ohun tí o kò rí rí," Fataou ní.

Gafarou rò pé eriali ni, ó gbà kó gbé e sókè. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti wá wo bọ́ọ̀lù, ó pa ewúrẹ́, wọ́n jókòó síwájú tẹlifísọ̀n. Lókè, igbá ń yí. Nínú ilé, òjò funfun nìkan ló ń rọ̀ lójú tẹlifísọ̀n. Ó ránṣẹ́ pe olùkọ́ rẹ̀. Fataou dé, ó kí gbogbo wọn, ó jókòó, ó jẹ nínú ewúrẹ́.

"Mẹ́tìrì, kí ló ń fi hàn wá?"

"Ó ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé rẹ kò dára," Fataou ní. "Ẹran yìí ló dára."

Bí wọ́n ti ń rojọ́ rẹ̀ ní Bassila ni inú ń bí wọn ní Manigri. Bàbá Yessoufou, àgbà tí oko rẹ̀ bá ẹ̀yìn ilé Fataou pààlà, wá bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń dun àwọn àgbà.

"A gbọ́ pé o ń wọn afẹ́fẹ́ Bassila. A ò bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ wa, kí ló ṣe afẹ́fẹ́ tiwa tí o kò fi wọ̀n ọ́n?"

"Kò sóhun tó ṣe é, Bàbá. Ó gbádùn. Ó ń rìn gbọọrọ."

"Bó bá dára bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o kò kà á sí?"

"Aláìsàn ni dókítà máa ń wá, Bàbá. Ilé Manigri kò tíì ga tó láti gbé afẹ́fẹ́ ṣubú. Bassila ti di ìlú ńlá, tiwa kò tíì tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá Yessoufou dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ oríṣiríṣi èébú láyé, òun kò gbọ́ èyí tó gba ojú ọ̀run wá rí.

Ẹ lè rò pé eré ni gbogbo èyí. Kì í ṣe eré lójú Fataou. Láti ọjọ́ fìlà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ilé Gafarou. Ibi tí ẹyẹ rẹ̀ ṣubú sí ni Maïmouna ti ń dáná, páànù àtíbàbà rẹ̀ kò sì ní ju ìṣó díẹ̀ lọ. Ó lọ bá a, ó ní kó kó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Bassila ni Maïmouna, Anii ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi Yorùbá nájà bí ẹni tí wọ́n bí sí Manigri. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó sì gbé wàgàṣì sí i lọ́wọ́.

"Mẹ́tìrì, ibí ni ìyá mi ti dáná. Ibí ni àwọn oníbàárà mi mọ̀. Tí mo bá kó lọ, ta ni yóò wá mi lọ?"

"Afẹ́fẹ́ ń balẹ̀ síbí. Tó bá dé pẹ̀lú agbára, yóò gbé páànù yìí, yóò sì gbé iná rẹ."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Ẹ sì ti jẹ wàgàṣì lánàá."

Báyìí ni ó ń wá lójoojúmọ́, tó ń jẹun, tó ń jiyàn. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń wá lásìkò tó máa ń dé. Níkẹyìn ó rẹ Maïmouna. Ó ní kó gbé ẹyẹ rẹ̀ wá lọ́jọ́ ọjà. Bí àwọn àjákù aṣọ pupa wọ̀nyẹn bá pòòyì bó ti sọ, òun yóò kó. Bí wọn kò bá pòòyì, Fataou yóò pọn omi fún gbogbo àwọn obìnrin tó ń dáná lọ́jà títí di ọjọ́ ọjà mìíràn, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́ níwájú àwo oúnjẹ.

Ọjọ́ ọjà pé. Èrò kún. Fataou ti yọ aṣọ Moutiatou kúrò lára ẹyẹ, ó ti fi àpò ṣíméńtì rọ́pò rẹ̀. Ó gbé e sókè, kò gbéra. Ó sáré pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Ewé igi kan kò mì ní gbogbo Bassila. Gafarou gun òkè ilé rẹ̀, ó wo igbá tó dúró gbọin, ó sì fọhùn láti òkè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Mẹ́tìrì, afẹ́fẹ́ ilé mi ti san."

Fataou ká okùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó dé láti Manigri kí àwọn obìnrin tó dé, ó gbé korobá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi láti ibi ẹ̀rọ fáńpù. Àwọn tó ti kọ́ níwèé ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan bojú, àwọn kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà. Bó bá rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fà á tí omi fi ń jó nínú korobá béèyàn bá ń rìn, ẹ̀rín náà á sì dáwọ́ dúró.

Maïmouna ni kò lè fara dà á mọ́. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ. Ẹ lè kọ̀."

"Mo lè kọ̀," Fataou ní, ó sì da omi sínú ìkòkò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá yẹ àdéhùn tèmi lórí omi, ọ̀rọ̀ mi kò ní tó nǹkan lójú rẹ lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Mo ṣì nílò kí o gbà mí gbọ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwo oúnjẹ wà níwájú wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Maïmouna ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo èéfín ara rẹ̀. Ó rí i pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, èéfín náà máa ń lọ bá ògiri Gafarou, yóò gòkè díẹ̀, yóò sì ṣẹ́rí padà wá bá òun lójú. Ó ti ń nu ojú rẹ̀ nítorí èyí láti ọjọ́ tí Gafarou ti kọ́lé, kò bi ara rẹ̀ ní ìdí rí. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó kó agbada àti ààrò rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èso kajú ní etí títì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wá a kàn kó tó gbé epo kaná.

Ní àsìkò yẹn kan náà, Fataou ti ra wáyà, ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń so òrùlé àwọn èèyàn. Ó máa ń wo ilé tó ga nítòsí, á fọwọ́ tọ́ka sí etí páànù tí yóò kọ́kọ́ ṣí, á sì gun àkàsọ̀. Wọn kì í sábà bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ fún un gba àkókò ju gbígbà lọ, torí náà gbogbo wọn gbà.

Ìjì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti apá Alédjo. Ó ṣú dùdù, eruku dìde, àwọn igi kajú tẹ orí wọn ba. Ó kọlu ilé Gafarou, ó fò ó, ó sì sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Àtíbàbà tó ṣófo náà gbéra pẹ̀lú òpó rẹ̀, ó pòòyì lójú gbogbo ènìyàn, ó sì lọ fọ́ yángá mára ògiri. Ibi tí Maïmouna máa ń jókòó sí ni òpó kan wọlẹ̀ sí. Maïmouna wà ní etí títì, ó rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ó jókòó sílẹ̀. Gafarou fúnra rẹ̀ ló bu omi fún un.

Ní gbogbo Bassila àti Manigri, òrùlé tí Fataou so kò ṣí. Ẹyọ òrùlé kan ṣoṣo ló lọ, òun náà ni èyí tí kò ráyè so.

Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé láti Bassila lẹ́yìn òjò, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kọrin. Ó bá Moutiatou tó jókòó lórí odó nínú yàrá, ó ṣí agbòjò sórí, ojú ọ̀run sì mọ́ roro lókè rẹ̀.

"Bàbá Faïssal," Moutiatou ní, "páànù wa dà?"

Fataou gbójú sókè. Ó yí yàrá ká, ó wo ògiri, ó wo igi àjà tó kù. "Apá ibo ló gbà lọ?"

"Apá oko Bàbá Yessoufou."

"Ṣé ó lọ gbọọrọ ni, àbí ó kọ́kọ́ yí?"

Moutiatou pa agbòjò dé.

"Ó yí. Ó gbéra láti ẹ̀gbẹ́, ó yí, ó dúró díẹ̀ lókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ló wá lọ."

"Ìyá Faïssal," Fataou ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "o rí i dáadáa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò lè sọ ọ́ báyìí." Àwọn tó gbọ́ ọ láti àgbàlá sọ pé kò tíì yìn ín bẹ́ẹ̀ rí, àti pé pẹ̀lú bí ẹ̀rù ti bà á tó, tí ara rẹ̀ sì tutù, Moutiatou rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bá páànù náà lórí ebè Bàbá Yessoufou, ó ti tẹ iṣu rẹ̀ fọ́. Fataou lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé fún un pé afẹ́fẹ́ tó bá lè yí páànù lọ́nà yẹn, afẹ́fẹ́ tó kọsẹ̀ ni, kò sì tún sí iyèméjì kankan pé Manigri náà ti di ìlú ńlá. Bàbá Yessoufou wo ebè, ó wo páànù.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ó ní, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé e.

Kò sẹ́ni tó pe àwọn ará Bassila, wọ́n kàn dé ni. Gafarou kó páànù tuntun wá, ó sì gun òrùlé olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tòun ti agbádá. Maïmouna din wàgàṣì fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Fataou dúró nísàlẹ̀, ó ń tọ́ wọn sọ́nà bó ti yẹ kí wọ́n so ó, wọ́n sì so ó bó ti wí, torí pé ó ti di ẹni tí wọn kì í jiyàn pẹ̀lú mọ́ nígbà tó bá wo òkè.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó wọ àyà, ó sì gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Faïssal ọmọ wọn wá láti Cotonou, ó fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀, dókítà sì ní kó má gbé e rìn mọ́. Ohun tó dun Fataou jù kì í ṣe àyà. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ògiri nìkan ló ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Moutiatou gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta.

"Kí lò ń wò?" Fataou béèrè láti orí ibùsùn.

"Igi kajú."

"Kí ló ń ṣe?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Moutiatou kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ parí. Iṣu wà láti gún, ọmọ wà láti tọ́. Ó wo igi náà dáadáa.

"Ewé ìsàlẹ̀ ń sáré. Ti òkè dákẹ́."

"Ti àárín ńkọ́?"

"Ti àárín kò tíì mọ ẹni tó máa tẹ̀lé."

Fataou rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Nígbà tó mí dáadáa, ó ní kó máa sọ lọ. Moutiatou sọ ti eruku ojú títì, ó sọ ti aṣọ tí Rahimatou sá sórí okùn, ó sọ ti èéfín ilé Bàbá Yessoufou tó gòkè gbọọrọ kó tó yẹ̀ sí ọ̀tún. Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tó ti bi í bóyá èéfín náà ti padà sí òsì, tí Moutiatou sì ti dá a lóhùn pé ó ti padà.

Wọ́n sin ín sí Manigri. Èrò tó wá láti Bassila pọ̀ débi pé títì dí.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá gba iwájú ilé náà kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lè bá Moutiatou lórí àpótí rẹ̀, kó máa fọhùn jẹ́jẹ́ sínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àjèjì máa ń rò pé àdúrà ni. Rahimatou, tó máa ń jókòó tì í, kì í dá sí i, àfi bí Moutiatou bá ṣi bí ewé kan ṣe ń mì sọ. Nígbà náà ni yóò fi ọwọ́ kàn án lápá, tí yóò sì tọ́ka.